Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Lẹ́nu Ìkòkò Aró

"Ẹ dákun, Tíṣà, mi ò gbọ́ orúkọ àwọn aláró níbẹ̀," ni Asiata wí.

Gbogbo ará Ìta Ayùnrẹ́ tó pé jọ kọjú sí obìnrin aláró náà. Tíṣà àgbà Theophilus Ògúndípẹ̀ ti ka ojú ìwé mẹ́ta gbáko nínú ìtàn ìta náà tí kánsù ní kí ó kọ. Ó ti dárúkọ àwọn baba ńlá tó kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀, ó dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, kódà ó dárúkọ ọkùnrin tó kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò aró mọ́kànlá tí òórùn wọn ń fẹ́ sí i nímú bó ti ń kàwé lọ, kò dárúkọ ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Kánsù fẹ́ da ọ̀dà sí ìta náà ní ọdún 1982 yìí, wọ́n sì ti ní ohun tí ìwé ìtàn bá dárúkọ nìkan ni àwọn yóò fi sílẹ̀. Ìyókù yóò kó lọ sẹ́yìn ìlú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìwé ń lọ sí kánsù. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ri ìkòkò Asiata mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìta náà dó, bí wọ́n bá ní kí wọ́n wú u, fífọ́ ni yóò fọ́.

Ta ni ìbá sì fẹ́ kúrò ní Ìta Ayùnrẹ́? Kí wọ́n tó kírun àsùbáà tán ni àwọn oníbúrẹ́dì ti ń pàtẹ. Àwọn télọ̀ a máa fi rẹ́díò bára wọn díje, ọkọ̀ Òṣíẹ̀lẹ̀ a máa já iṣu sílẹ̀, okùn àdìrẹ a sì gba ìta kọjá. Àlejò tó bá ń ti ibẹ̀ lọ sí Aké, bó ti wù kó gbéra ga tó, ó gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún aṣọ tútù.

Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó wo Asiata. "Ẹ má bínú, Ìyá Bùsírátù. Ohun tí mo bá nínú ìwé ni mo kọ. Ta ló kọ ti aláró sílẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Pípè la máa ń pè é."

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Kí aláró Ìta Ayùnrẹ́ tó ṣí ìkòkò lówùúrọ̀, yóò kọ́kọ́ pe orúkọ gbogbo ẹni tó ti ni ín rí. Kì í pe tara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò pè é. Asiata dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. Àwọn ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"Efúnyẹmí, tó ru ìkòkò sá ogun wá sí abẹ́ Olúmọ. Ọdúnayọ̀, tó bí ìbejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ aró. Harriet aya ajíhìnrere, tí kì í ṣí ìkòkò lọ́jọ́ Ìsinmi. Mọ́níkẹ́ tó bí mi."

"Harriet wo?" Tíṣà já lu ọ̀rọ̀ náà.

"Harriet Ògúndípẹ̀. Òun ló fi ìkòkò lé ìyá mi lọ́wọ́."

Tíṣà jókòó. Ìyá bàbá rẹ̀ ni wọ́n pè yẹn. Ó ti fi odidi ojú ìwé kan kọ nípa ọkọ obìnrin náà, ìlà kan péré ló kọ nípa obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ó ní òun rántí ọwọ́ màmá náà, tó dúdú títí dé ìgúnpá nígbà tó ń fún òun lẹ́kọ mu.

"Mo bi bàbá mi ní ohun tó fà á," ó ní. "Ó ní àìsàn ni. Mo ti gbà á gbọ́ láti ọgọ́ta ọdún."

"Àìsàn yẹn ló rán bàbá yín nílé ìwé, Tíṣà," Asiata dá a lóhùn pẹ̀lẹ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Tíṣà fa igi sórí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó mú tákàdá tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Efúnyẹmí. Nígbà tó dé orí Mọ́níkẹ́, ó béèrè ẹni tó kàn.

Kò tọ́ kí Asiata dárúkọ ara rẹ̀. Gbogbo ìta ló mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ti gba ìkòkò nìyẹn. Bùsírátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, dúró lẹ́yìn àga ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá pé ṣọ́ọ̀kì ni ọwọ́ òun fẹ́, kì í ṣe aró. Ọ̀rọ̀ náà dun Asiata, àmọ́ kò fipá mú un.

"Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀, Tíṣà," ó ní.

"Asiata," ni Bùsírátù wí.

Àwọn àgbà yíjú. Ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, àfi lẹ́nu ìkòkò. Ọmọbìnrin náà wá síwájú, ó kúnlẹ̀, ó sì tún un pè kí ó lè dá gbogbo wọn lójú.

"Asiata ọmọ Mọ́níkẹ́, tí kò jẹ́ kí wọ́n gba ìta lọ́wọ́ wa."

Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. Orí Asiata wú, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Ìdájí Sátidé la ó sẹ́ omi eérú tuntun fún aró," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Má pẹ́."