Agbọ̀n Kẹsàn-án

Àwo rọ́bà pẹlẹbẹ kan gba orí koríko kọjá, ó kọlu igi, ó ta padà, ó kù díẹ̀ kó gbá ẹni tó jù ú nímú.

"Yéè! Igi yìí mọ̀ mí rí o!" Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó ju àwo náà, di ìdí mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìdí ńlá ni, kì í ṣe èyí téèyàn ń fi ọwọ́ kan dì mú.

Àbúrò rẹ̀, tíṣà, kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ju tirẹ̀ gbọọrọ bí ẹni fa ìlà sójú pátákó.

Agbọ̀n onírin mẹ́sàn-án péré ló wà ní pápá kékeré ẹ̀yìn ilé ìkàwé, tí wọ́n fi ṣéènì kọ́ yí lórí ká. Èèyàn á dúró lókèèrè, á máa ju àwo títí yóò fi wọlé. Ẹni tí jíjù rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Gbogbo Sátidé ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń wá tẹ́lẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti wá gbẹ̀yìn. Lọ́la, àbúrò ń kó lọ bá ọmọ rẹ̀ nílùú mìíràn, òun ló sì tẹ ẹ̀gbọ́n láago pé kí wọ́n wá jù ú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀gbọ́n mọ ohun tó yẹ kóun sọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ àbúrò kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, òun ló la ẹnu gbàràmù lójú ẹbí pé ká ní ìyàwó tètè gbé e lọ sí ọsibítù ni, ì bá má kú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ní agbọ̀n kejì, ó fẹ́ sọ ọ́; ó fi orúnkún rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ dípò. Ní ìkarùn-ún, ajá kan kọjá, ló bá bá ajá sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ti gbẹ̀bí àìmọye ọmọ wá ń rọbí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò bí.

Ní agbọ̀n kẹsàn-án, kò sẹ́ni tó tíì ṣáájú, àwo wọn méjèèjì sì balẹ̀ síbi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Nínú eré yìí, ẹni tó jìnnà sí agbọ̀n jù ló ń kọ́kọ́ jù.

"Tìẹ ló jìnnà."

"Tiyín ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n."

Ẹsẹ̀ mọ́kànlá ni ti àbúrò. Ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ méjìlá, bó tilẹ̀ ń yasẹ̀ títí tí ṣòkòtò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fàya.

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jù," àbúrò ní. Kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè. Ó tún sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni. Èmi tí mo wọ aṣọ funfun fún ogójì ọdún, mo rí ọkọ ẹ tó ń wúkọ́, mi ò mọ̀ pé ó le. Mo wá gbé ẹ̀bi mi rù ẹ́. Jọ̀ọ́, àbúrò mi."

Ṣéènì ń dún woroworo nínú afẹ́fẹ́. Àbúrò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ jù ú."

Ó jù ú. Àwo fò kọjá agbọ̀n, ó já sínú kòtò omi. Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, ó sì ti ń sáré lọ wá igi tí yóò fi fà á yọ.

Ẹ̀gbọ́n wo àwo àbúrò tó ṣì wà nílẹ̀, tí àbúrò ì bá fi jíjù kan péré borí, tí ẹnikẹ́ni kò kánjú jù. Ó wá yé e pé kì í ṣe nítorí eré ni àbúrò ṣe pe òun. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó tọ àbúrò rẹ̀ lọ sínú ẹrẹ̀.