Ìlà Kẹta

Ọkọ̀ ojú omi ló gbé Rẹ̀mí Adégbóyèga dé Pọ́tákọ́tù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, nígbà tí ìbọn ṣì ń dún lápá ọ̀nà Owérè. Tíṣà orin ni, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìjọba ń ṣí àwọn ilé ìwé ibẹ̀ padà, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ nawọ́. Òun nìkan ló nawọ́. Ìyá rẹ̀ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú: "Rẹ̀mí, ṣé ibi tí àwọn èèyàn ti ń sá jáde ni ìwọ ń sá wọ̀?"

Ìlú náà kò fara rọ. Ọkọ̀ ológun ń dí ara wọn lọ́nà ní oríta, fèrè ọkọ̀ ń ké ní èbúté, èdè mẹ́rin ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yà kúrò lójú títì báyìí, àdúgbò a pa lọ́lọ́. Kọ́tìnnì ń bẹ lójú fèrèsé, ẹni tó so ó kọ́ kò sí mọ́. Àwọn Ìgbò tó ni àwọn ilé náà ti sá lọ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọmọ ogun ìjọba wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ni wọ́n fún Rẹ̀mí. Lára férémù ilẹ̀kùn yàrá, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà ibi tí orí àwọn ọmọ rẹ̀ dé, ọdọọdún. Rẹ̀mí fi ìró bo ibẹ̀.

Nílé ìwé, Ibiere ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Opó ni, ọmọ Kàlàbárì, òun ló ń tọ́jú gbọ̀ngàn, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló ń gbé. Àwọn ọmọ akọrin tò láti kí tíṣà tuntun, ṣùgbọ́n wọn kò sún mọ́ra. Àlàfo wà láàárín wọn káàkiri, bí ẹnu tí eyín ti ká. Wọ́n kọ ìlà kìíní orin ilé ìwé wọn, wọ́n kọ èkejì. Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹta, gbogbo wọn pa ẹnu dé, wọ́n tẹjú mọ́ iwájú. Ìlà náà kọjá nínú ìdákẹ́jẹ́. Wọ́n sì gbé ìkẹrin lẹ́ẹ̀kan náà, láìṣi ẹsẹ̀ gbé.

Rẹ̀mí bi wọ́n pé: "Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?"

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Boma nawọ́ sí àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ Ìgbò máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀. "Aunty, no be we get that line. Na dem."

Orin mìíràn gbogbo tó kọ́ wọn ni wọ́n ń kọ délẹ̀. Èyí nìkan ni wọn kì í kọ tán, ó lù wọ́n, ó tù wọ́n, òfo ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn mú hanhan, ẹnì kan kọ ìlà kẹta. Láti òkè àjà ni ohùn náà ti wá, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Kò sí ọmọ kan tó gbójú sókè. Rẹ̀mí tú wọn ká, ó tún tẹ orin náà lórí dùùrù gbọ̀ngàn ní òun nìkan, ó dúró ní ìlà kẹta, ohùn náà tún gbà á. Bó ṣe ní kó sá jáde, Ibiere ni ó bá lẹ́nu ọ̀nà, lórí ìkúnlẹ̀.

"Tíṣà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Pijin ló fi ń bẹ̀bẹ̀. Ọmọ Ìgbò kan ló wà lókè àjà, Adaku, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó sọ ìyá rẹ̀ nù lọ́jọ́ tí ìlú dà rú. Láti ọdún tó kọjá ni Ibiere ti ń bọ́ ọ níbẹ̀.

Rẹ̀mí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Sájẹ̀ńtì Yísà, sójà ọmọ Ìsẹ́yìn tó máa ń wá bá a sọ Yorùbá díẹ̀, wọlé nígbà tí akọrin ń kọrin. Wọ́n dé ìlà kẹta. Ohùn dún lókè.

Yísà gbórí sókè. "Tíṣà, ta ló wà lájà?"

Rẹ̀mí la ẹnu, ó gba orin náà láàárín ìlà, ó kọ ọ́ délẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. "Èmi ni. Àbí ohùn mi kò dáa ni?"

Sójà náà wo ẹnu rẹ̀, ó wo àjà. "Ohùn yín pọ̀ o, àǹtí. Ó ju ẹyọ kan lọ."

"Ògiri ló ń dá a padà."

Yísà dé fìlà rẹ̀. "Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé," ló wí, ó jáde, kò sì padà wá mọ́.

Ogun parí ní oṣù kìíní. Adaku sọ̀kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. Nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ wá mú un lọ, Rẹ̀mí fà á mọ́ra, ó bi í pé: "Kí ló ṣe ọ́ tí o fi kọrin lọ́jọ́ tí sójà yẹn wà níbẹ̀?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. "Aunty, I no sing that day."

Ibiere mi orí. Ó ti rí sójà náà lẹ́nu géètì, ó sì ti yára gun àjà. "Ọwọ́ mi ló wà lẹ́nu rẹ̀, tíṣà, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin. Èmi náà gbọ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ wa níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́."

Rẹ̀mí kò bèèrè mélòó ni wọ́n. Ọdún mẹ́fà ló lò ní Pọ́tákọ́tù. Ó gbọ́ pijin, ó mọ ìsáwùrú jẹ, ó fẹ́ ọkọ níbẹ̀. Nínú gbogbo lẹ́tà tó kọ sí ìyá rẹ̀, ohun tó ń wí nípa iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé akọrin òun dára, wọ́n sì pọ̀.