Garawa Omi fún Ìyá Olúgbádé

Ọlátúbọ̀sún fi ẹsẹ̀ ta garawa náà, gbogbo omi inú rẹ̀ sì dà sí ẹnu ọ̀nà.

"Àjẹ́ yẹn lo tún ń pọnmi fún?"

 Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, gbé garawa, ó padà sídìí kànga, ó sì tún tò sẹ́yìn àwọn èèyàn. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1978 ni. Kànga kan ṣoṣo ló ṣì lómi ládùúgbò wọn lẹ́bàá Ọjà Ọba, l'Ádó-Èkìtì.

Ìyá Olúgbádé ni wọ́n ń pè ní àjẹ́. Èéyi ti pa ọmọ mẹ́ta nínú agboolé láàárín oṣù kan, Baba Adéyẹyè, olórí agboolé, sì ní arúgbó náà ló jẹ wọ́n. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un lómi, kò gbọdọ̀ fún un níná, kò sì gbọdọ̀ kí i. Olúgbádé, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, kó lọ sí Ìjàn, kò bojú wẹ̀yìn. Bí màmá náà bá sún mọ́ kànga, òkò ni wọ́n fi ń lé e.

Ìbídùn kì í ṣe akíkanjú. Kò lè bá olórí agboolé jiyàn. Ohun tó mọ̀ kò ju pé Kátólíìkì ni òun, òun kò sì lè gba Ara Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi kí òun máa fi òùngbẹ pa arúgbó. Nítorí náà, láràárọ̀, á gbé garawa omi kan sẹ́nu ilẹ̀kùn màmá náà, á ṣe àmì àgbélébùú, á sì máa lọ.

Lọ́jà, wọ́n da iyanrìn sínú gààrí tó ń tà. Kò sẹ́ni tó rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ ni èéyi mú Olúfúnkẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọ náà kú.

Fọlákẹ́, àbúrò Ọlátúbọ̀sún, wá kí wọn. Ó dúró lé Ìbídùn lórí níbi tó jókòó sí lórí ẹní.

"Ṣé o ti rí i báyìí? Omi tí ò ń gbé fún un ló mu lé ẹran ọmọ rẹ lórí."

Ilé kún, gbogbo wọn gbọ́, kò sẹ́ni tó bá a wí. Ọlátúbọ̀sún náà gbọ́. 

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ikú ọmọ náà, Ìbídùn gbé garawa.

"Bí o bá gbé e jáde," ọkọ rẹ̀ wí, "má padà sílé yìí mọ́."

Ó gbé e jáde.

Lójú ọ̀nà, Mọ̀dínátù dá a dúró. Mùsùlùmí ni, aránṣọ. Nọ́fíù ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tó kú, òun ló sì kọ́kọ́ sọ òkò lu Ìyá Olúgbádé.

"Ìbídùn, ọmọ tìrẹ náà ti kú. O ṣì ń lọ?"

"Èéyi ló pa á. Ọwọ́ mi ló kú sí. Mo rí ohun tó pa á."



"Ọwọ́ mi ni Nọ́fíù náà kú sí," Mọ̀dínátù wí. "Èmi náà rí i." Ó wọlé, ó bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́, ó sì tẹ̀ lé e.

Ìbídùn kò padà sílé ọkọ. Ọ̀dọ̀ arúgbó náà ló ń sùn. Lọ́sẹ̀ kejì, obìnrin mẹ́rin ló ń wá síbẹ̀. Nígbà tí ọdún Àjíǹde fi dé, Ìyá Olúgbádé ti ń fúnra rẹ̀ pọnmi, ẹnikẹ́ni kò sì sọ òkò.

Nígbà òjò, ọmọ mìíràn kú. Baba Adéyẹyè tún nawọ́ sí Yétúndé, opó kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ní àjẹ́ ni. Àwọn ọkùnrin tó lọ lé e jáde bá àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́ta níye ní jíjókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, àwọn mìíràn pọn ọmọ.

"Ẹ kọ́kọ́ lé wa ná," Mọ̀dínátù wí.

Àwọn ọkùnrin náà wò wọ́n. Wọ́n rí ìyá wọn níbẹ̀, wọ́n rí ìyàwó wọn. Wọ́n yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, wọn kò lé obìnrin kankan jáde ní agboolé yẹn mọ́.

Ọlátúbọ̀sún wà lára àwọn ọkùnrin náà. Òun nìkan ló dúró sẹ́yìn, ó lọ bá Ìbídùn níbi tó jókòó sí láàárín àwọn obìnrin náà.

"Ìyá Fúnkẹ́, jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ sílé. Ẹ̀rù ló bà mí nígbà yẹn."



"Ẹ̀rù ba èmi náà, Bàbá Fúnkẹ́. Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n n kò ní bá yín lọ."