Wàrà Kíkan Lẹ́yìn Kalina

Láti aago méjì ọ̀sán ni Kalina ti ń ké, igbe tí ń gún ènìyàn létí. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí aṣọ fara kan ẹ̀yìn òun. Ó wá di aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, igbe náà sì dá wáí.

Bogna, ìyá rẹ̀, ń fún táwẹ́lì lẹ́nu ẹ̀rọ omi nígbà náà. Ó yíjú padà. Leokadia, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, abọ́ wàrà kíkan lórí itan. Ó ń fi ìka mẹ́rin kó wàrà tó ki náà, ó ń rọra tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọmọ ọdún márùn-ún náà, bí ẹni tí ń rẹ́ ilé.

"Ṣé o rí i báyìí?" ni Leokadia wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Mo sọ fún ẹ. Wàrà ti fa oró ẹ̀ jáde, ọmọ ti sùn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹ̀fọn bá jẹ yín, ẹ ó ní dókítà dà!"

Bogna kò fèsì. Kì í fèsì. Ọdún keje rèé tó ti ń gbé ilé ìyá náà ní Suwałki, ìlú wọn, ó dákẹ́ lórí bí a ṣe ń se ọbẹ̀, ó dákẹ́ lórí orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ tó bí. Ara rẹ̀ ti mọ́ ọn.

Gbogbo ìgbà òtútù tó kọjá ni Kalina fi wúkọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀, etí òkun ni wọ́n ń gbé e lọ bí ooru bá dé, kí atẹ́gùn òkun àti oòrùn lè fọ àyà rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òkun tiwọn ní àríwá lọ́hùn-ún, òkun tútù ni. Oòrùn ibẹ̀ dà bí àlejò tí kò bọ́ bàtà: ó kàn yọjú ni, ó tún ti lọ. Ènìyàn lè na gbalaja síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni yóò pọ́n. Ọdún mẹ́ta léraléra sì ni òjò ti lé wọn kúrò níbẹ̀. Ni Leokadia bá ní ó tó gẹ́ẹ́, Bulgaria ni wọ́n ń lọ lọ́tẹ̀ yìí, níbi tí oòrùn kì í yẹ àdéhùn. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó nínú bọ́ọ̀sì.

Láàárọ̀ ọjọ́ igbe náà gan-an, ìlú kò tíì jí tán tí Leokadia ti ri ọ̀pá aṣọ ìdènà atẹ́gùn mọ́ yanrìn etí òkun, kí ẹlòmíràn má baà gbàyè wọn, bí wọ́n ti í ṣe nílé. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́. Leokadia bọ́ ẹ̀wù lára Kalina.

"Màmá, ṣé kí ẹ̀wù má kúkú wà lára ẹ̀?" ni Bogna bi í, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń tọrọ iyọ̀ lórí tábìlì onítábìlì.

"Nínú atẹ́gùn yìí? Oòrùn wo ló fẹ́ jó èèyàn nínú òtútù báyìí? Oòrùn la wá gbà, Bogna, a ò wá gba ibòji. Fi ọmọ sílẹ̀ kó wọ̀ ọ́ láyà."

Bogna fi í sílẹ̀, láti aago mẹ́sàn-án títí di aago kan.

Ó wá sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ rẹ̀. Ó ń retí kó ké. Kò ké. Wàrà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i ti gbẹ, ó sán létí, ṣùgbọ́n láàárín ẹ̀yìn ọmọ ó gbóná bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ètè Kalina ti bó. Ojú rẹ̀ là díẹ̀, funfun ẹyinjú nìkan ló hàn.

"Kalina. Kalina mi, wo Màmá."

Kò sí nǹkan kan. Oorun kọ́ nìyí.

Ìgbà náà ni Stefka tó ni ilé tí wọ́n gba yàrá sí ti ilẹ̀kùn wọlé, bàrà tó ti gé lọ́wọ́ rẹ̀. Èdè rẹ̀ àti tiwọn sún mọ́ra, wọ́n ń gbọ́ ara wọn ní ìdajì ìdajì. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó gbé bàrà sílẹ̀.

"Yéè! Kí lẹ kùn mọ́ ọmọ lára?"

"Wàrà kíkan ni," ni Leokadia wí. "Ohun tí ìyá mi ń ṣe fún wa nìyẹn."

"Ìyá tèmi náà ń ṣe é! Fún ara tó kàn pọ́n ni. Èyí ti lé ròrò, ìyá, ẹ wò ó dáadáa! Àbí kùkúńbà tí à ń fi wàrà jẹ lẹ fẹ́ fi ọmọ ṣe, tí ẹ ń da wàrà sí i lára?"

"Ọmọ mẹ́rin ni mo fi ọwọ́ yìí tọ́ dàgbà," ni Leokadia wí, ó tún ki ìka bọ abọ́.

Bogna di ọwọ́ náà mú.

"Màmá, ẹ dìde."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ dìde." Ó gba abọ́ náà, ó dà á nù.

"Bogna! Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Àárọ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́."

Ó gbé ọmọ náà lọ sílé ìwẹ̀, ó ń fi ife bu omi sí i lára. Ọ̀rá wàrà náà kò fẹ́ lọ. Kò sì ṣeé họ, nítorí awọ ń bá a bó. Ẹnu ọ̀nà ni Stefka dúró sí, tó ń pariwo, "Má fi yìnyín sí i o! Omi lásán ni! Fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù bò ó!" Ó ní ọmọ òun ti gbé mọ́tò lọ sí ìlú kejì, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn wà lórí òkè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìrìn ogún ìṣẹ́jú.

Báwo lènìyàn ṣe ń gbé ọmọ tí kò ṣeé pọ̀n, tí kò sì ṣeé gbá mọ́ra? Bogna dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó rin gbingbin, ó yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè mí. Ó mú igun méjì aṣọ náà. Ó gbójú sókè. Orúnkún Stefka kò lè gun òkè.

Leokadia ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó mú igun méjì yòókù.

Wọ́n jáde. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀nà bí ẹni tó ń dúró dè wọ́n. Wọ́n kò tíì rìn jìnnà tí aṣọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Bogna ń ka èémí ọmọ náà bó ti ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ìgbà mìíràn á pẹ́ kó tó rí òmíràn kà.

"Màmá, ẹ bọ́ sápá ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí òjìji yín bò ó."

Leokadia bọ́ sápá ọ̀tún. Ó ń rìn ní ìkọsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló kọ síwájú bí akàn, kí ibòji ara rẹ̀ má baà kúrò lórí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí wọ́n fi dókè.

Dókítà obìnrin kan wo ẹ̀yìn náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ké sí nọ́ọ̀sì.

"Wákàtí mélòó ló lò nínú oòrùn?"

"Mẹ́rin."

"Láìwọ ẹ̀wù? Ta ló wà pẹ̀lú ẹ̀?"

Ẹnu Leokadia là. Bogna ti dá dókítà lóhùn.

"Àwa méjèèjì."

Wọ́n gbé Kalina wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bogna rí i pé ìyá ọkọ òun kò fẹ̀yìn ti ògiri. Èjìká rẹ̀ pọ́n, ó ti ń wú, wàrà kò sì kan tirẹ̀ rárá. Gbogbo wàrà inú abọ́, ọmọ ló fi í fún.

"Ìyá mi ń ṣe é," ni Leokadia wí, ilẹ̀ ló ń wò. "Gbogbo wa ló ṣe é fún."

"Mo mọ̀, Màmá."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pa rọ́rọ́. Bogna tẹjú mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn tí dókítà jáde láìsọ̀rọ̀ ńkọ́? Ó gbìyànjú láti gbàdúrà.

Nígbà tó ṣe, nǹkan kan dún nínú lọ́hùn-ún, tín-ín-rín, bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo. Ó tún dún. Ó wá bú jáde, igbe tí ń gún ènìyàn létí, igbe ọmọ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun.

Leokadia gbá ọwọ́ Bogna mú.

"Ó ń ké," ni ó wí.

"Ẹ̀n, Màmá. Ó ń ké."