Ẹ̀rí Tí Mo Kó Jọ Lórí Ikú Ọmọ Igi Mẹ́rìndínlógún

4.

…torí náà, ẹ̀yin àgbà, ìka tó bá ṣẹ̀ ni kí ọba gé. Ewúrẹ́ Júmáánì, aládùúgbò mi, ló fo odi. Ewúrẹ́ Júmáánì ló jẹ ọmọ igi ẹ̀jẹ̀-tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́tàdínlógún. Èmi Gánímù, Olùṣọ́ Igi, ni mo kọ ọ́.

(Oyè yẹn, èmi ni mo fi jẹ ara mi. Ẹnikẹ́ni ò bá mi dù ú.)

1.

Mo mọ̀ pé ení ló ń ṣáájú èjì. Àmọ́ irọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ, ẹ jẹ́ kó wà lókè níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

ÌKÉDE
(páálí, lára odi òkúta ọgbà)

KÍ EWÚRẸ́ KANKAN MÁ WỌLÉ.
KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ FI EWÚRẸ́ WỌLÉ.
KÒ SÍ TI PÉ OÒRÙN Ń PA Á.
— Gánímù

Ìlà kejì yẹn, kò sẹ́ni tó ronú kàn án rí lókè yìí. Èmi ni mo ronú kàn án.

2.

Ohun tí gbogbo wa mọ̀ lórí òkè Fírímíhín:

Ìjì ńlá méjì wó àwọn igi àgbà wa, tí oje wọn pupa bí ẹ̀jẹ̀, lulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó ṣẹ́kù ti dàgbà ju ìyá tó bí ìyá mi lọ. Wọ́n ń so, èso wọn ń hù, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Igi wa ò ní ọmọ mọ́, àfi èyí tí a bá fi odi yí ká.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ru omi fún mẹ́tàdínlógún. Wọn ò tíì kan orúnkún mi. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Ìyàwó mi ní mo fẹ́ràn wọn ju òun lọ, mi ò sì tètè dáhùn.

5.

ÌPÀDÉ ÀWỌN ÀGBÀ
(bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́)

ÀGBÀ TÁÁNÌ: Gánímù, o rí ewúrẹ́ náà sójú?

ÈMI: Mo rí ìgbẹ́ rẹ̀, bàbá.

JÚMÁÁNÌ: Wọ́n gé àmì ilé mi sétí ìgbẹ́ ọ̀hún ni?

(Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má baà dá yàtọ̀.)

ÀGBÀ TÁÁNÌ: Ewúrẹ́ ta ló ń jẹko nítòsí odi?

ÈMI: Ti Júmáánì.

JÚMÁÁNÌ: Tèmi àti tìẹ, ọmọ ìyá mi.

ÈMI: Tèmi ń gbọ́ràn.

ÀGBÀ TÁÁNÌ: Ó tó. Gánímù, kó ẹ̀rí jọ, kọ ọ́ sílẹ̀, ìwọ lo ní bírò. Lẹ́yìn ìrun àsàrì lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, wàá kà á fún wa. Bó bá jẹ́ òótọ́, Júmáánì á kó ẹran rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sétí òkun.

6.

Kò sí koríko létí òkun lásìkò yìí. Gbogbo wa la mọ̀. Ewúrẹ́ tó bá sọ̀kalẹ̀ báyìí, ó di gbére.

3.

Ẹ̀rí kìíní: òkúta mẹ́ta ti yẹ̀ lórí odi.

(Èmi ni mo tì wọ́n yẹ̀. Ọ̀kan bọ́ lù mí lẹ́sẹ̀. Mo ṣì ń tiro.)

7.

Láti orí fóònù mi. Ámárì ni àna mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó wá kí wa láti ìlú Hádíbò létí òkun.

ÁMÁRÌ: Àna, ẹ kú àlejò ọjọ́ sí. Eyín mi ṣì ń rántí ẹran yẹn.

ÈMI: A dúpẹ́. Òun nìkan ló wà nílé.

ÁMÁRÌ: Nígbà tí à ń jẹun, mo gbọ́ nǹkan tó ń ké lẹ́yìn odi.

ÈMI: Atẹ́gùn ni.

ÁMÁRÌ: Háà. Atẹ́gùn yín ń ké mẹ̀ẹ́.

(Mo dojú fóònù délẹ̀. Ó ti rí i pé mo ti kà á.)

8.

ÈMI ÀTI TÁNÚFÙ, ÌYÀWÓ MI, NÍDÌÍ ÀÀRÒ

TÁNÚFÙ: Bàbá Sàlímà, níbo ni Nájímà wà lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wá?

ÈMI: Nájímà wo?

TÁNÚFÙ: Ewúrẹ́ yín tó sanra jù. Èyí tẹ́ ẹ máa ń bá tàkúrọ̀sọ ju èmi lọ.

ÈMI: Ó lọ jẹko.

TÁNÚFÙ: Ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ gun òkè wá kí wa, ẹ wá mú arúgbó ewúrẹ́ tó ń wá ibi tó máa kú sí, ẹ pa á fún un. Mo sè é títí, ó ń bá mi jà nínú ìkòkò.

ÈMI: Rọra sọ̀rọ̀, Ìyá Sàlímà.

TÁNÚFÙ: Mo ti ń rọra láti ọjọ́ náà. Èmi náà ni mo gbá ìgbẹ́ nínú ọgbà yín. Ṣé kí n máa pariwo ni?

9.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Lọ́dọ̀ wa, bí àlejò bá dé, ẹran tí ojú rẹ̀ bá kọ́kọ́ rí nílé, tó sì sanra, lò ń pa. Bí o bá pa òmíràn, ahun ni ọ́. Mo rí orí Ámárì tó ń yọ bọ̀ lókè. Nájímà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dán. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ká má purọ́: àánú ara mi ló ṣe mí.

Odi kan ṣoṣo ló ga tó láti bo ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ọwọ́ mi ni mo fi mọ ọ́.

Mo ti Nájímà síbẹ̀, mo ní kò ní pẹ́. Mo gbàgbé pé àna mi fẹ́ràn tíì, ó sì fẹ́ràn ìtàn.

10.

Ó mu gíláàsì mẹ́jọ. Gíláàsì kan, ọmọ igi méjì.

11.

Nígbà tí mo wọlé, mo jókòó sílẹ̀ láàárín kùkùté kéékèèké wọ̀nyẹn, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Nájímà wá ń lá mi létí. Lẹ́yìn náà mo nu ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí màá di ọ̀ràn rù. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ilé rẹ̀ ló súnmọ́ jù.

12.

Ìwé kan ṣoṣo ló kù nílé. Ojú kan ni mo kọ irọ́ sí. Ojú kejì lẹ ń kà yìí.

13.

ỌJỌ́BỌ̀, KÍ WỌ́N TÓ PE ÌRUN

Júmáánì yà sí mi. Agbo ẹran rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi okùn fa ewúrẹ́ kan tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

JÚMÁÁNÌ: Mi ò ní dúró gbọ́ ìwé rẹ. Mi ò rí ẹran mi níbẹ̀, àmọ́ mi ò lè búra fún wọn. Ewúrẹ́ kì í jẹ́wọ́.

ÈMI: Júmáánì…

JÚMÁÁNÌ: Èyí ti fẹ́ bí. Kò lè dé etí òkun. Odi tìẹ nìkan ló lágbára. Bá mi fi í síbẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Mi ò lẹ́lòmíràn tí mo lè fi í ṣọ́.

ÈMI: Ọmọ igi kan ṣì wà níbẹ̀.

JÚMÁÁNÌ: Mo mọ̀. Mo ti to òkúta yí i ká lánàá. Wọ́n jẹ orí rẹ̀, bóyá á rúwé, bóyá kò ní rú. Ó tó ọdún kan ká tó mọ̀.

Ó fi okùn lé mi lọ́wọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ, ewúrẹ́ rẹ̀ ń tò tẹ̀lé e.

Ojú tì mí débi pé etí mi ń gbóná. Okùn wà lọ́wọ́ òsì mi, ìwé wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Lókè, àwọn àgbà ti ń tẹ́ ẹní.

Mo yí ìwé náà sí ojú kejì, mo pariwo orúkọ rẹ̀.

Ó dúró. Agbo ẹran rẹ̀ dúró. Ó yíjú padà, ó fọwọ́ ṣíji bojú nítorí oòrùn.

“Kí ni, ọmọ ìyá mi?”