Ẹ̀bẹ̀ Súbérù

"Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀," ni Kọ̀máńdà Adéyanjú wí, ó sì ti fáìlì náà padà sọ́dọ̀ Lateefah. "Súbérù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní tiẹ̀. Kí lo tún ń wá kiri?"

Ọ̀gá kékeré ni Lateefah nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, ìwádìí àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé lé e lọ́wọ́ rèé. Ọkùnrin tó sì jókòó níwájú rẹ̀ yìí, tó bá wúkọ́ lásán, gbogbo bárékè a pa rọ́rọ́. Ká má purọ́, ẹ̀rù ń bà á.

Ọ̀rọ̀ náà ò lọ́ pọ̀. Súbérù, awakọ̀ wọn, lọ kó ẹrù ní Ìsọlọ̀, níbi táwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà. Bó ṣe ń bọ̀, ọkọ̀ yà, ó wó ògiri ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta àwo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Súbérù kó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti lèmọ́mù sẹ́yìn, ó lọ bẹ ìyá náà. Ẹ̀bẹ̀ yìí ni Kọ̀máńdà gbọ́ tó fi ní ó ti jẹ́wọ́. Bí Lateefah bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á já Súbérù sílẹ̀ nípò, nígbà tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ó ti bi Súbérù pé kí ló dé tó fi lọ bẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin tó tó o bí náà dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀, ojú sì ń ti Lateefah. Súbérù ní kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló já síwájú òun lójijì. "Àmọ́ mà, ṣé kí n fọ́ àwo ìyá oníyàá, kí n wá máa yan lọ ni?"

Kọ̀máńdà ní àwáwí ni kẹ̀kẹ́. Lateefah, ọmọ bíbí àdúgbò Ṣógúnlé, mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó tọrọ ààyè, ó di Ìsọlọ̀.

Ìyá Nimotallahi, ìyá alàwo, ń ṣa àfọ́kù lọ́wọ́. Lateefah kúnlẹ̀ kí i tòun ti aṣọ iṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò ti ta ìyá lólobó pé bí awakọ̀ bá jẹ̀bi, ìjọba á mọ ògiri rẹ̀ padà; bí kò bá jẹ̀bi, kó má retí ẹnikẹ́ni. Lateefah náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Màmá, nígbà tó wá bẹ̀ yín, ṣé ó ní òun jẹ̀bi ni?"

"Ọmọ mi, ṣé ẹni tó jẹ̀bi nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ nílé tiyín ni? Ojú mi ló ṣe. Kẹ̀kẹ́ já lù ú, èrò kún inú ẹ̀. Ògiri mi ló forí sọ, kò forí sọ èèyàn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Orí Lateefah wú. Ìyá tí ò ní ògiri mọ́ ló sọ òtítọ́ tí ò ní mọ ògiri fún un! Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ìyá ò bá bẹ̀rù, kí lòun ń bẹ̀rù?

Bó ṣe padà dé, ó dúró ṣinṣin níwájú ọ̀gá rẹ̀. "Kò jẹ̀bi, sà. Ohun tí mo máa kọ nìyẹn." Ó wá ròyìn ọ̀rọ̀ ìyá náà fún un pátá.

Kọ̀máńdà fọwọ́ sí i pé kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti lọ bá ìyá náà lórúkọ iṣẹ́. Lateefah ní Súbérù nìkan ni. Kọ̀máńdà dé fìlà rẹ̀, ó ní kí àwọn máa lọ.

Lateefah rò pé ó fẹ́ lọ fọ̀rọ̀ wá ìyá lẹ́nu wò fúnra rẹ̀ ni. Ológun kì í ṣí fìlà ní gbangba bó bá wọṣọ iṣẹ́. Àmọ́ níwájú gbogbo èrò Ìsọlọ̀, Kọ̀máńdà Adéyanjú ṣí tiẹ̀, ó fi há abíyá, ó bẹ̀rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀ láàárín àfọ́kù àwo.

"Màmá, ẹ má bínú."

Ìyá Nimotallahi wò ó, ó wo Lateefah. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, ọ̀gá? Ẹ̀bi wo lẹ jẹ?"

"Kò sí, Màmá," ni Kọ̀máńdà wí, kò sì tíì dìde.