Báírò Ẹ̀yìn Rìsíìtì

"Àlùhájì, ẹ wò ó dáadáa! Rìsíìtì náà nìyẹn!" ni Taslimah wí.

Àlùhájì Haleem gbé ìwé náà sókè sí iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ẹ̀rín sì pa á. Ṣé kò yẹ kó rẹ́rìn-ín? Ìwé ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Taslimah, télọ̀ Pópó Àgùdà tí kì í fi nǹkan rẹ̀ ṣeré, ló gbé e lọ lamínéètì lọ́jọ́ tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, kí wọ́n fi rọ́bà bò ó, kí omi má baà kàn án. Ooru ẹ̀rọ lamínéètì ni kò jẹ́ kí lẹ́tà kan ṣẹ́kù. Àṣejù, baba àṣetẹ́!

Oṣù mẹ́rin péré, mọ́tò ẹ̀rọ náà ti jó. Ogún jálàbíà àwọn ọmọ kéú tó fẹ́ ṣe wálímọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ṣì wà nílẹ̀, òní sì ti di Ọjọ́bọ̀.

"Farabalẹ̀," ni Àlùhájì wí. "Gàráńtì yàtọ̀ sí wọ́rántì. Gàráńtì ni ìlérí tí kọ́ńpìnì tó ṣe ẹ̀rọ ṣe fúnra wọn, rìsíìtì tó hàn ni wọ́n sì máa béèrè lọ́wọ́ rẹ. Wọ́rántì ni ohun tí ẹni tó tà á fún ọ bá ọ fi sínú àdéhùn. Gàráńtì lo wá fi rìsíìtì yìí béèrè, kò sì hàn. Kí ni kí n wá ṣe?"

Nǹkan kan sọ sí Taslimah lọ́kàn. Lọ́jọ́ tó ra ẹ̀rọ, ó kọ̀, kò sanwó títí Àlùhájì fi mú báírò.

"Ta ló tà á fún mi, Àlùhájì?"

"Èmi ni."

"Ẹ yí ìwé yẹn padà!"

Àlùhájì yí i padà. Ooru ò lè pa báírò rẹ́. Ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀ gbàgàdà: *Èmi Haleem dúró fún ẹ̀rọ yìí fún ọdún kan. Bó bá bàjẹ́, èmi ni n ó tún un ṣe.* Ọjọ́ tó kọ ọ́ wà lábẹ́ rẹ̀.

"Yéè! Ẹnu mi ni mo fi mú ara mi!"

"Alhamdulillahi!" Taslimah fò sókè, inú rẹ̀ dùn débi pé bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ó dáa, gbé ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì yẹn lọ fi rán jálàbíà rẹ. Tí mo bá tún tìrẹ ṣe tán, wàá dá a padà."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi."

Àlùhájì mi orí, ó mú báírò. Bí Taslimah ṣe ru ẹ̀rọ jáde, oní-lamínéètì ẹ̀gbẹ́ títì rí ìwé tuntun lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ mú un wá, ká bá yín tọ́jú ẹ̀!"

"Ká má rí i!" ni Taslimah wí. Ó ká ìwé náà sínú àpò rẹ̀, ó sì yára gba ọ̀nà ilé.